Ẹ Pe Làmídì Kí Ẹyẹlé Tó Fò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Baba Àgbà, baba tó bí ìyá mi, kò dìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣáà kí wọn kú ọdún òmìnira. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, nígbà tí gbogbo Ìlọra bá jókòó ti rédíò, tí wọ́n ń gbọ́ bí ìjọba ṣe ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́, Baba á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n á sì gba àárín ìlú lọ sóko. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Baba kò ní gba ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun rí ọkọ́ náà.

"Baba, ẹ kú ọdún òmìnira o!"

"Ẹ kú oorun."

"Ẹ ò tiẹ̀ wá sinmi lónìí, Baba? Ọlidé ni o."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i gbà, ẹ sinmi. Tèmi ò tíì dé. Bó bá dé lẹ́yìn mi, ẹ bá mi gbé e sílé."

Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, Baba kò ní fọwọ́ kan ọkọ́. Ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọdọ̀ lọ sóko lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Bánkì ṣí, ọjà ná, tíṣà ń na ọmọ ní kíláàsì. Àwọn alààyè gba ọlidé nítorí pé wọ́n gba òmìnira, àwọn òkú gba òdòdó, kálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, máa ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ sínú atẹ́gùn ọyẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe Baba ni wọ́n ń bá wí.

"Baba Dọ́káàsì, ẹbu iṣu tí a fẹ́ gbìn ò mọ ọjọ́ àwọn sójà o."

Baba á gbọn eruku kúrò lára kóòtù káàkí wọn àtijọ́. "Ẹni tó kú ò rí ọlidé gbà lọ́wọ́ ìjọba," ni wọ́n á wí. "Ẹ jẹ́ ká fún un ní tilé wa."

Baba ti lọ báyìí. Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, lórí àga wọn, níwájú ilé ẹyẹlé wọn. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún mi méjèèjì ló sì máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde. Ojú máa ń ti arúgbó láti sọ fáyé pé baba àgbà òun kú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé mi, ó wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Baba, ẹ̀yin náà ní baba àgbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, títí di àná.

Kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún tí Baba lò láyé. Iye tí a kọ sára pósítà ìsìnkú, àwọn òyìnbó tó gbà wọ́n síṣẹ́ ogun ló fún wọn. Baba ti bí Dọ́káàsì, ìyá mi, nígbà náà, ó ṣì ń rákò. Baba kò mọ ọdún tí wọ́n bí àwọn fúnra wọn, òyìnbó kò sì ní àyè láti máa wádìí. "Wọ́n ní kí n gbé apá sókè," ni Baba máa ń wí, "wọ́n wo abíyá mi. Wọ́n rí irun níbẹ̀, wọ́n ní mo ti tó ẹni tí wọ́n lè pa."

Àwọn tó wá ń fi ọ̀rọ̀ wá Baba lẹ́nu wò ní ọjọ́ ogbó wọn máa ń fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn ló gbé wọn dé ogun Bọ́mà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó na fóònù sí wọn lẹ́nu.

"Baba, kí ló mú kí ẹ fi ẹ̀mí yín jìn fún orílẹ̀-èdè?"

"Bàtà."

"Ẹ ní kí ni, Baba?"

"Bàtà, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá wọṣẹ́ sójà á gba bàtà. Orílẹ̀-èdè tí ò ń wí yẹn, wọn ò tíì dá a sílẹ̀. Ẹni tó wá kó wa ní ọ̀tá ń bọ̀ wá gba Ìlọra. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ̀gẹ́ wa ló wù ú ni?"

Wọ́n gba bàtà náà lóòótọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ̀ ọ́ nínú igbó Bọ́mà, nínú òjò tí kì í dá, títí ẹsẹ̀ fi rà sínú rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ méjì kò bá wọn padà sí Ìlọra. Ọ̀dọ́kùnrin náà bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí gbà nínú ogun náà nígbẹ̀yìn. Baba wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Bàtà yẹn padà dé odindi. Èmi ni mo dín."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Làmídì nísinsìnyí, nítorí gbogbo ìjà tí Baba bá ìlú jà, orí Làmídì ló dá lé.

Làmídì Àjàní, ọmọ ìlú Akínmọ́rìn, ni ọ̀rẹ́ Baba. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé apá sókè fún òyìnbó. Ọlọ́yàyà ni, ó sì fẹ́ràn ẹyẹlé dé ibi pé, nínú igbó Bọ́mà, nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ obìnrin, òun ń sọ̀rọ̀ ẹyẹlé tó fi sílé. Kò kú ikú ìbọn. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n sin pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àlùfáà òyìnbó gbàdúrà lé gbogbo wọn lórí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò dá orúkọ kankan pè. Baba fẹ́ pe ọ̀rẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí wọ́n yára kó yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, òjò ń bọ̀.

Ní tiwa, a kì í ri ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ẹni ri ẹbu iṣu. Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o, ẹnì kan á pe òkú lórúkọ, á kì í, kó lè mọ̀ pé òun la ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Baba padà dé, kí wọ́n tó wọ ilé ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ yà sí Akínmọ́rìn láti sọ fún ìyá Làmídì. Obìnrin náà kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló bi wọ́n.

"Ṣé wọ́n sin ín?"

"Wọ́n sin ín, Ìyá."

"Ṣé wọ́n pè é?"

Baba ní àwọn wo ojú obìnrin náà, àwọn rí i pé bí àwọn bá sọ òótọ́, òkú méjì ni àwọn máa fi sílẹ̀ nínú ilé yẹn. Wọ́n ní, "Wọ́n pè é, Ìyá. Wọ́n pè é kíkankíkan. Gbogbo ibùdó ló gbọ́."

Ìyá Làmídì wá sunkún nígbà náà, ẹkún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó mú ẹyẹlé méjì wá, takọ tabo, nínú èyí tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ní kí Baba máa sìn wọ́n. Àtọmọdọ́mọ ẹyẹlé méjì yẹn ló kún òrùlé wa títí dòní. Baba sọ ìtàn yìí fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa láyé mi tí wọ́n fi ẹyẹ dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá bí irọ́ náà ṣe máa di òótọ́. Kí ìlú pe Làmídì, kíkankíkan, lójú gbogbo ayé. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ni Baba. Oníjà ni wọ́n. Wọ́n bá aládùúgbò jà, wọ́n bá awakọ̀ jà, wọ́n sì bá Pásítọ̀ jà nítorí pé ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sórí páànù tuntun tí ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bo ilé ìsìn.

"Baba, ẹ bá wa kó àwọn ẹyẹ yín kúrò lórí ilé Olúwa."

"Ṣé ẹyẹ kọ́ ló bà lé Jésù nígbà tó ṣèrìbọmi? Ẹ̀yin wá ń fi òkò lé e."

"Àdàbà ni Bíbélì wí, Baba. Kì í ṣe ẹyẹlé."

"Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ má dá ìdílé rú."

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Baba kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyẹlé wọn ń lọ ní tiwọn. Pásítọ̀ wá bẹ̀ wọ́n nígbẹ̀yìn, Baba sì ní, "Mo ti rán àwọn ẹyẹ mi wá ṣojú mi, orí òrùlé ni ẹ fún wọn láyè sí."

Ẹyẹlé yìí kan náà ló so Baba mọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun lágbègbè wa. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé òdòdó kalẹ̀ tán, tí wọ́n yìnbọn tán, ẹyẹlé ni àwọn ènìyàn ńlá máa ń tú sílẹ̀ pé kí àlàáfíà jọba. Baba ni ìgbìmọ̀ wá ń gba ẹyẹlé lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Wọ́n á dé, wọ́n á ní, "Baba Ẹlẹ́yẹlé, a wá gba àlàáfíà o."

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ará ìgboro kò mọ̀. Ẹyẹlé tó yó kì í fẹ́ fò. Nítorí náà, bó bá ku ọ̀la, Baba kò ní fún èyí tó ń lọ ní oúnjẹ mọ́. Bí wọ́n bá ti tú wọn sílẹ̀ lórí pápá ayẹyẹ ní Fìdítì, ebi á gbé wọn fò sókè, wọ́n á yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì dorí kọ Ìlọra tààrà. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́ pé àlàáfíà ti lọ káàkiri Nàìjíríà. Ilé wa ló lọ. Ìyá Àgbà á rí wọn tí wọ́n bà sórí òrùlé, wọ́n á sì ké sí àwọn ọmọ ilé pé, "Àlàáfíà ti dé o! Ẹ gbé iṣu kaná, Baba ń bọ̀ lẹ́yìn." Àlàáfíà kan náà ni wọ́n ń tú sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń padà wá jẹ ọkà bàbà nílé wa.

Lọ́dọọdún náà ni Baba ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe Làmídì. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ ń fèsì bákan náà.

"Baba, bí a bá pe ẹnì kan, àfi ká pe gbogbo wọn. Oòrùn á wọ̀."

"Ẹ jẹ́ ó wọ̀. Ṣebí ó ń wọ̀ lójoojúmọ́ láìpe ẹnikẹ́ni."

"A máa ń dárúkọ wọn náà, Baba. A máa ń sọ pé 'àwọn akọni wa tó ṣubú lójú ogun.'"

"Làmídì ò ṣubú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ṣe é. Ó dùbúlẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ wọn. Akọni tó ṣubú dára lẹ́nu gbohùngbohùn, ẹni tó dùbúlẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mu. Wọ́n á tún ní kí gbogbo èrò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti bu ọlá fún òkú. Baba kì í lè pa ìyẹn mọ́ra. Wọ́n á yí sí mi létí, wọ́n á ní, "Láti ọjọ́ tá a ti dé ni wọ́n ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wa. Kí ló tún kù tí wọ́n ń dákẹ́ sí?"

Èmi ni mo kàwé jù nínú ọmọọmọ wọn. Mo ka ìtàn ní yunifásítì, láyé ìgbà tí yunifásítì ṣì ń fún ènìyàn ní ẹyin láàárọ̀, tí a rò pé ẹni tó bá mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ọjọ́ dáradára nìyẹn, ọjọ́ ẹ̀tàn. Mo gbé ìwé ńlá kan wálé, tó sọ̀rọ̀ nípa ogun náà. Inú mi dùn, mo fẹ́ fi ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà han Baba.

"Mélòó ni wọ́n kọ nípa wa?"

"Ìpínrọ̀ kan, Baba."

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni ń wo bí iṣu ṣe wúwo tó, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Làmídì nìkan ga ju ìpínrọ̀ kan lọ."

Mo wá dé orí ohun tí gbogbo ìlú fi rántí wọn. Ọdún náà, Baba ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní ìṣirò abíyá. Alága ìgbìmọ̀ nígbà náà fẹ́ràn gbohùngbohùn ju oúnjẹ lọ, ó sì ti pe àlejò pàtàkì kan tí agbádá rẹ̀ tó bo mọ́tò. Kò fẹ́ kí ohunkóhun bàjẹ́. Ó wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Baba, lọ́dún yìí, a ó pè é."

"Ẹ ó pe Làmídì?"

"A ó pè é, Baba. Ọ̀rọ̀ mi kọ́ ni yóò yẹ̀."

Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé Baba lọ sí Fìdítì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹyẹlé inú agbọ̀n lóúnjẹ. Ọkà bàbà, lẹ́yìn náà àgbàdo rírẹ, lẹ́yìn náà ọkà bàbà lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń ṣe àlejò àna.

"Baba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń febi pa wọ́n?"

"Mo ti wo ojú alága yẹn. Kò ní pe ẹnikẹ́ni."

"Bó bá wá pè é ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Màá tọrọ gáfárà. Mi ò tíì rí ẹni tí gáfárà pa."

Kò sídìí gáfárà. Alága sọ̀rọ̀, ó kí gbogbo ẹni tó jókòó sábẹ́ ibòji lórúkọ, títí dórí ìyàwó ẹni tó yá wọn ní àga. Nígbà tó kan àwọn òkú, ó ní "àwọn akọni wa tó ṣubú," ó mí, ó sì ní kí àlejò pàtàkì wá tú àlàáfíà sílẹ̀.

Àlejò gbé ẹyẹlé kan lọ́wọ́ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ayàwòrán, ó jù ú sókè. Ẹyẹlé náà bà lé e léjìká. Ó tún un jù. Ẹyẹlé bọ́ sílẹ̀, ó ń rìn. Wọ́n ṣí agbọ̀n fún àwọn yòókù. Wọ́n jáde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ láàárín bàtà àwọn sójà tó tò, ọ̀kan sì forí lé abẹ́ ibòji níbi tí kúlà ìrẹsì wà. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin kan ké pé, "Ha! Àlàáfíà ti kọ̀ wá o!"

Alága sáré tọ Baba wá. "Baba, kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n yó."

"Wọ́n yó báwo?"

"Àlàáfíà tó yó kì í fò, Alága. Ẹ wo àwọn tó jókòó sábẹ́ ibòji yẹn."

Baba wá dìde, pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n rìn dé ìdí gbohùngbohùn. Wọ́n ní, "Ẹyẹlé Làmídì nìwọ̀nyí. Wọ́n ń dúró kí wọ́n gbọ́ orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹ pe Làmídì—" Ẹnì kan ti pa gbohùngbohùn. Ọlọ́pàá méjì mú wọn lápá lọ sídìí mọ́tò mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Baba kí wọn ní kíkí sójà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti dà nínú wọn, àwọn ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í dé sórí òrùlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà gbójú sókè wò wọ́n, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n ní, "Àlàáfíà pẹ́ lọ́nà lónìí o."

Wọn kò pe Baba mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbìmọ̀ ń ra ẹyẹlé lọ́jà Ọ̀yọ́. Ẹyẹ ọjà kò mọ ilé kankan, nítorí náà bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, wọ́n á bà sórí igi tó wà létí pápá, bó bá sì di ọ̀sán, àwọn aráalé ìtòsí á ti mú wọn. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà, àlàáfíà di ọbẹ̀ ní Fìdítì.

Mo gbìyànjú láti pẹ̀tù sí Baba nínú. Mo ní, "Baba, ẹ̀yin fúnra yín ń pè é lójoojúmọ́. Ṣé kò tó ni?"

"Èmi ń pè é. Ìlú ni kò pè é. Ìlú ló rán an níṣẹ́."

"Ó ti pẹ́, Baba. Ìyá rẹ̀ pàápàá ti kú."

"Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹ̀ ń pa á lówe. Èmi ń sìn ín."

Ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn, àwọn ènìyàn wá ṣàwárí Baba. Àwọn yòókù tó lọ sí Bọ́mà lágbègbè wa ti kú tán, Baba nìkan ló kù, ohun tó sì kù kan ṣoṣo a máa gbówó lórí. Wọ́n ń wá bá wọn ya fọ́tò. Alága àná ti fi ipò sílẹ̀, ọ̀dọ́ kan ló wà níbẹ̀, ó sì ṣèlérí pé bí Baba bá lọ, sójà máa fun fèrè, ìlú máa pe orúkọ wọn. Bí ọmọ náà ṣe lọ tán, Baba ní kí èmi àti ìyá mi súnmọ́ àwọn.

"Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Wọ́n á pe orúkọ mi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Gbogbo yín mọ̀ mí. Ẹ ní kí wọ́n fi àyè mi pe Làmídì."

Mo ní, "Baba, ọjọ́ ìsìnkú yín kọ́ ni ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun."

Wọ́n fi ojú tí wọ́n fi wo ìwé ìtàn mi lọ́jọ́sí wò mí. "November ni ọjọ́ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí January bí ẹni gbé àga. Ẹ bá mi gbé e wá síbi ìsìnkú mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe òkú lórúkọ ni àjọ̀dún. Ìyókù, oorun ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ara wa ní pálọ̀ lẹ́yìn ikú wọn, èmi, ìyá mi, Pásítọ̀ àti alága tuntun. Alága gbà kíá. Ẹ̀rù ẹyẹlé tí kò fò ṣì ń bà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ló gbọ́. Pásítọ̀ ni kò gbà.

"Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Jóṣúà, baba yín, la fẹ́ sin. Báwo la ṣe máa dúró létí sàréè Onítẹ̀bọmi ká máa pe Làmídì? Àwọn áńgẹ́lì á dàrú."

Ìyá mi, tí ogbó ti tẹ̀ ba, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, gbé orí sókè. "Pásítọ̀, mò ń rákò nígbà tí bàbá mi lọ. Ẹni tó bá wọn lọ ni kò padà. Bó bá jẹ́ bàbá mi ni kò padà ńkọ́, ta ni ì bá pè wọ́n fún mi?" Wọ́n gbá ọpá wọn mú. "Àwọn áńgẹ́lì mọ̀wé jù wá lọ. Ẹ pè é."

Èmi ni mo lọ sí Akínmọ́rìn láti sọ fún ìdílé Làmídì. Ẹni tó kù tó mọ ìtàn náà níbẹ̀ ni Alhaja Sìkírátù, ọmọ àbúrò rẹ̀, arúgbó tó ti ń fi ọpá rìn. Ó dé lọ́jọ́ ìsìnkú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ tèmi. Láti ọjọ́ tó ṣáájú, mi ò fún ẹyẹlé lóúnjẹ.

Wọ́n gbé pósí dé etí sàréè. Sójà fun fèrè. Alága tuntun mú gbohùngbohùn, ó tú ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó ní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, "Làmídì Àjàní, ọmọ Akínmọ́rìn."

Èrò wo ara wọn. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ṣé òkú méjì là ń sin ni?"

Ìyá mi fi ọpá kan ilẹ̀. "Alága! Kíkankíkan ni wọ́n ní."

Ọmọ náà gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ké e. "Làmídì Àjàní! Ọmọ Akínmọ́rìn!" Mo bá a ké e. Ìyá mi bá a ké e. Nígbà tí a máa ké e lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí kò tiẹ̀ mọ ẹni tí í ṣe ti ń ké e, Pásítọ̀ náà ń ké e, ohùn rẹ̀ sì dùn, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni tẹ́lẹ̀. Mo ṣí agbọ̀n. Ebi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí lókè orí wa, wọ́n dorí kọ ilé.

Bí ilẹ̀ ti ń bo Baba, Alhaja Sìkírátù rìn wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ìyá àgbà wa, títí wọ́n fi kú, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú ni pé àwọn sójà pe ọmọ wọn kíkankíkan ní Bọ́mà lọ́hùn-ún." Ó wo ibi tí àwọn ẹyẹlé gbà lọ. "Ṣé báyìí náà ni wọ́n ṣe pè é?"

Mo ní, "Báyìí gan-an ni, Alhaja. Gbogbo ibùdó ló gbọ́."